Kí ló dé tí ọmọ kan ṣoṣo ń ní bàbá ìsàmì mẹ́wàá láàárín àwọn ará Filipíìnì tó ń ṣiṣẹ́ oko ní Kalifọ́níà?

Ìbéèrè náà dá lórí fọ́tò ìsàmì àtijọ́ kan láti ìlú Stockton. Àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù pọ̀ yí ọmọ ọwọ́ kan ká, wọ́n sì kọ "ninong" síwájú orúkọ gbogbo wọn lẹ́yìn fọ́tò náà. Ṣé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá ọmọ náà ni gbogbo wọn? Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má bá a tan rárá. Ninong ni bàbá ìsàmì, ninang ni ìyá ìsàmì, inaanak sì ni ọmọ tí wọ́n dúró fún.

Ní Filipíìnì fúnra rẹ̀, kì í ṣe ohun tuntun kí ọmọ ní ninong ju ẹyọ kan lọ. Ohun tó sọ wọ́n di ọ̀wọ́ ńlá ní Kalifọ́níà ni àìsí obìnrin, òfin ló sì dá kún un. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti Ilocos àti àwọn erékùṣù Visayas ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣí lọ ní àwọn ọdún 1920. Nígbà tó fi máa di 1930, tí a bá rí obìnrin Filipíìnì kan ní ìpínlẹ̀ náà, ọkùnrin wọn á tó mẹ́rìnlá. Ní 1933 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi wọ́n kún àwọn tí kò gbọdọ̀ fẹ́ òyìnbó, ilé ẹjọ́ kò sì wọ́gi lé irú òfin bẹ́ẹ̀ títí di 1948. Ní 1934, ìjọba àpapọ̀ tún ní àwọn tó lè ti Filipíìnì wọlé wá kò gbọdọ̀ ju 50 lọ lọ́dún.

Kí ni ọkùnrin náà fẹ́ ṣe? Á gé asparagus, ewébẹ̀ kan, lẹ́bàá odò San Joaquin, á gba Alaska lọ síbi tí wọ́n ti ń di ẹja sínú agolo, á padà wá ká àjàrà ní Delano, ọdún á sì tún yí po. Bẹ́ẹ̀ lẹlòmíràn ṣe ń di ẹni àádọ́ta ọdún láìláya, láìlọ́mọ. Tí ọ̀kan nínú wọn bá wá rí ìyàwó fẹ́, pàápàá àwọn tó ṣe sójà lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n di ọmọ Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì mú ìyàwó bọ̀ láti ilé, ọmọ tó bá bí ti di ọmọ gbogbo ẹni tó ń gbé ibùdó òṣìṣẹ́ náà. Ìsàmì ló ń sọ ọ́ di tiwọn lójú gbogbo ayé.

Àwọn kan máa ń sọ pé torí ẹ̀bùn Kérésì ni òbí fi ń kó ninong jọ. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bùn wà o: ninong máa ń fi owó tí wọ́n ń pè ní pakimkim sí ọmọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsàmì, tó bá sì di Kérésì, ọmọ á lọ kí i. Ọmọ kì í kàn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ o. Yóò tẹ orí ba, yóò mú ọwọ́ àgbà náà, yóò sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ara rẹ̀. "Mano" ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n àárín àwọn àgbà gan-an ni àṣà náà ti lágbára. Láti ọjọ́ ìsàmì, bàbá ọmọ àti ninong ti di kumpare. Kumpare kì í fi kumpare sílẹ̀ tí iṣẹ́ bá wọ́n, tàbí tí ara bá ń ni í. Ìdí nìyẹn tí òbí tó gbọ́n fi ń fi ọ̀gá tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ sóko kún àwọn ninong. Wọ́n gbà pé kò dára kí ẹni tí wọ́n bẹ̀ láti ṣe ninong kọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Òfin ìjọ Kátólíìkì ti 1917 kò gbà ju bàbá ìsàmì kan àti ìyá ìsàmì kan lọ, ti 1983 náà kò sì gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó kù á dúró, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹ ẹlẹ́dẹ̀ odindi tí wọ́n sun àti núdù tí wọ́n ń pè ní pansit, ṣùgbọ́n fadá kò ní kọ orúkọ wọn. Àwọn méjì tí ó kọ yìí, òfin 1917 kà wọ́n sí ìbátan ọmọ náà débi pé wọn kò lè fi í ṣaya tàbí ṣọkọ láìgba àyè lọ́dọ̀ ìjọ. Òfin 1983 ló yọ ìyẹn kúrò.

Ibẹ̀ ni àwọn tó ń wá ìtàn ẹbí ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á rí orúkọ méjì péré nínú ìwé ìsàmì, wọ́n á sọ pé irọ́ ni ti fọ́tò. Tàbí kí wọ́n gbọ́ "Manong", tí àwọn Ilocano fi ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin àti ọkùnrin tó bá jùwọ́n lọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ ìyá. Ẹ kọ́kọ́ da orúkọ ẹ̀yìn fọ́tò kọ, kódà ìnagijẹ. Ẹ wò wọ́n nínú ìwé ìkànìyàn 1940 àti 1950, níbi tí irú wọn ti sábà máa ń jẹ́ ayálégbé nínú ilé kan náà. Ẹ má fojú fo orúkọ àárín: orúkọ ìdílé ìyá ló máa ń jẹ́ láàárín àwọn ará Filipíìnì, akọ̀wé Amẹ́ríkà sì lè ti sọ ọ́ di orúkọ ìdílé bàbá.

Ìwé tí mo fẹ́ràn jù ni káàdì ìforúkọsílẹ̀ ológun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1940. Ó ní ààyè kan tó béèrè orúkọ ẹni tí yóò máa mọ ibi tí o wà nígbà gbogbo. Ọkùnrin tí kò ní ìyàwó, tó ń ti oko kan bọ́ sí òmíràn, ó gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹnì kan síbẹ̀. Ẹ fi orúkọ náà wé ti bàbá ọmọ inú fọ́tò yín.