Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi hun aṣọ yìí, kí ló dé tí iye rẹ̀ kò ju ti ẹ̀rọ lọ?

Ìbéèrè: Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Kíjìpá ni mò ń hun ní Oǹdó níbí, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Ọmọ mi tó ń kàwé ní Àkúrẹ́ ní Karl Marx sọ pé iṣẹ́ tí èèyàn ṣe sára ọjà ló ń fún un ní iye. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn oníbàárà fi ń ná aṣọ tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì hun bí èyí tí ẹ̀rọ hun ní wákàtí díẹ̀? Báwo ni kí n ṣe máa dá owó lé e?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́, ìyá wa. Òótọ́ lọmọ yín sọ, àmọ́ ó ku apá kan, apá yẹn gan-an ló sì kàn yín.

Marx, ọmọ Jámánì tó gbé ìwé Das Kapital jáde lọ́dún 1867, ní nǹkan méjì ló wà lára ọjà. Ìwúlò rẹ̀ ni èkíní. Èkejì ni iye pàṣípààrọ̀, ìyẹn ìwọ̀n tí ọjà kan fi ń gba òmíràn. Bí kíjìpá kan bá gba ogún iṣu ní Ọjà Ọba, kí ló mú wọn dọ́gba? Kì í ṣe ìwúlò, torí a kì í jẹ aṣọ, a kì í sì í ró iṣu. Marx ní làálàá ọmọ èèyàn tó wà nínú méjèèjì ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe wákàtí tí ẹ̀yin fúnra yín lò ló ń kà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjà ọ̀lẹ ni ì bá wọ́n jù. Àkókò tí iṣẹ́ náà ń gbà láwùjọ ló ń kà, lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ níwọ̀n, tó ń lo irinṣẹ́ tó wọ́pọ̀ lásìkò náà. Àpẹẹrẹ tí òun fúnra rẹ̀ mú wá bá tiyín mu: àwọn ahunṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí òfì ẹlẹ́rọ dé, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń sọ òwú di aṣọ dín kù sí bí ìdajì. Ẹni tó ń fọwọ́ hun ṣì ń lo wákàtí tó ń lò tẹ́lẹ̀, àmọ́ ààbọ̀ wákàtí ni wákàtí rẹ̀ kan ń jẹ́ lójú ọjà, iye aṣọ rẹ̀ sì já sí ìdajì. Ọwọ́ rẹ̀ kò dẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò bàjẹ́. Àánú wọn máa ń ṣe mí nígbàkigbà tí mo bá ń kọ́ni ní ibẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó ìpínlẹ̀ wa mọ òdìkejì rẹ̀. Lọ́dún tí igi kò bá so dáadáa, làálàá kan náà yóò mú àpò díẹ̀ jáde, nítorí náà làálàá tó wà nínú kílò kan á pọ̀ sí i. Àlìkámà ni Marx fi ṣàlàyé èyí. Àmọ́ nígbà tí kòkó kọjá $10,000 fún tọ́ọ̀nù kan lọ́dún 2024, tí Gánà àti Ivory Coast kò rí kòkó tó ká, kì í ṣe làálàá nìkan ló fà á. Owó tí wọ́n ń pè lọ́jà lè ga ju iye lọ nígbà ọ̀wọ́n, ó sì lè wálẹ̀ jù ú lọ bí ọjà bá kún.

Ní tiyín wàyí: níwọ̀n ìgbà tí oníbàárà bá ti ka aṣọ yín àti ti ẹ̀rọ sí ọ̀kan náà, àkókò ẹ̀rọ ni yóò máa pinnu. Ẹni tó ń wá kíjìpá àfọwọ́hun fún oyè tàbí ìgbéyàwó kò wá ti ẹ̀rọ rárá. Ọjà mìíràn nìyẹn, àkókò àwọn afọwọ́hun ló sì ń kà níbẹ̀. Ẹ má ṣe pàtẹ méjèèjì pọ̀ rárá.

Ẹ kọ́kọ́ ka owó òwú, aró àti ohun tó ń gbó lára òfì. Iye tiwọn kàn ń wọnú aṣọ ni, kì í lé. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè iye ọjọ́ tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ń gba afọwọ́hun tó mọṣẹ́, ní Oǹdó àti ní Ọ̀wọ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá, mẹ́wàá ni kí ẹ gbówó lé, kì í ṣe mẹ́rìnlá. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì fi mẹ́jọ parí rẹ̀, mẹ́wàá náà ni kí ẹ kà. Ẹ̀yin lẹ ni èrè ọjọ́ méjì tó kù.