Ẹ Bèèrè, A Dáhùn: Ìgò Orí Àjà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú wa. Nígbà tí a ń tú òrùlé ilé bàbá bàbá wa nítòsí Ọjà'ba, a bá ìgò méjì lórí àjà. Ọ̀kan jẹ́ aláwọ̀ ewé dúdú, onígun mẹ́rin, tí SCHIEDAM hàn lára rẹ̀. Bọ́ọ̀lù gíláàsì kékeré kan sì há sí ọrùn èkejì. Ẹnì kan tó ń ra àlòkù ìgò ní kí n fi yanrìn àti ọṣẹ fọ̀ wọ́n kí òun tó dá owó lé wọn. Báwo ni mo ṣe lè mọ bí wọ́n ti pẹ́ tó?
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ohun àgbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi yanrìn kàn wọ́n rárá. Ohun tí ẹ ń wá wà lára àwọn ìgò náà, yanrìn yóò sì ha ojú wọn, bí ó bá sì ti ha wọ́n, kò sí àtúnṣe.

Ẹ gbé onígun mẹ́rin náà síbi tí oòrùn wà, kí ẹ rọra fi èékánná tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ìdí dé ẹnu. Ẹ ó kan ìlà tín-ín-rín kan, níbi tí apá méjèèjì mọ́ọ̀dù, ohun tí wọ́n fi ń fún gíláàsì ní ìrísí, ti pàdé. Bí ìlà náà bá gùn títí tó fi la ètè ìgò kọjá, ẹ̀rọ ló ṣe é, irú ẹ̀rọ tí Michael Owens gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1904. Bí ó bá parẹ́ sí ọrùn, ọwọ́ ènìyàn ló parí ẹnu rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè pẹ̀lú: àpá gbágungbàgun tí ẹ bá bá láàárín ni ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ kúrò lára ọ̀pá irin tí wọ́n fi di ìdí rẹ̀ mú nígbà tí wọ́n ń parí ẹnu rẹ̀, irú àpá bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́pọ̀ mọ́ lẹ́yìn nǹkan bí 1870. Ìfófòó inú gíláàsì kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí ìgò ọ̀ṣọ́ tuntun náà máa ń ní in.

Ìlú ọlọ́tí jíìnì ni Schiedam, ní orílẹ̀-èdè Netherlands. Wọ́n fún ìgò náà ní igun mẹ́rin kí ó lè tò ṣinṣin nínú àpótí igi. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, ẹrù etíkun sì rọ́nà dé ọ̀dọ̀ wa wẹ́rẹ́ láti ìgbà náà. Àwọn àgbà kì í ju òfìfo ìgò nù. Epo, àdín àti àgbo ni wọ́n ń rọ sí i, nítorí náà èérí dúdú ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ àgbo ìyá àgbà yín.

Èkejì ló wú mi lórí jù. Hiram Codd, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1872 fún omi mínírà. Kò nílò kọ́ọ̀kì: agbára gáàsì inú omi náà ni ó ń ti bọ́ọ̀lù mọ́ òrùka rọ́bà tó wà ní ẹnu ìgò, ẹni tó bá fẹ́ mu ún yóò sì tẹ bọ́ọ̀lù náà wọlé. Àwọn ọmọdé níbẹ̀ máa ń fọ́ ìgò náà kí wọ́n lè fi bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣeré, ìdí nìyí tí èyí tó wà lódindi bí tiyín fi yẹ ní títọ́jú. Bí òrùka rọ́bà náà bá ṣì wà, ẹ má yọ ọ́.

Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó. Ẹ da ìrẹsì tútù díẹ̀ sínú onígun mẹ́rin náà, kí ẹ rọra mì ín. Omi gbígbóná lè mú kí wọ́n sán. Kí ẹ tó fọ̀ wọ́n, ẹ kọ ilé tí ẹ ti rí wọn àti ẹni tó kọ́ ọ sílẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò ìdí, ọrùn àti ẹnu wọn. Ẹ má tà wọ́n fún ẹni tó fẹ́ fi yanrìn fọ̀ wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ gbé fọ́tò náà lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ìwalẹ̀pìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn.