Ibi Tí Yìnyín Bá Ti Yọ ni Kí Ẹ Wò: Ìdáhùn fún Àwọn Tó Ń Fi Gáàsì Wa Katakata Àtijọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra katakata John Deere 4020 àtijọ́ kan tó ń lo gáàsì propane lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ní Texas níbí. Tí mo bá tan án láàárọ̀, kíá ló máa ń dáhùn. Àmọ́ tí mo bá so irin ìtúlẹ̀ mọ́ ọn tí mo wọ oko, kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, agbára rẹ̀ á relẹ̀, á sì kú. Tó bá sinmi bíi wákàtí kan, á tún dáhùn. Mo ti pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì. Kí ló kù? — *Àgbẹ̀ ọmọ Yorùbá, Texas*

ÌDÁHÙN: Ẹ fi pílọ́ọ̀gì sílẹ̀ ná. Ẹ́ńjìnnì tó ń kú lẹ́nu iṣẹ́, tó sì ń jí lẹ́yìn ìsinmi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gáàsì ni kò tó o. Ìbéèrè tí ẹ máa kọ́kọ́ dá wa lóhùn ni pé, fáàfù wo ló ṣí nígbà tí ẹ wọ oko?

Fáàfù méjì ló ń fún ẹ́ńjìnnì yìí ní gáàsì láti inú táńkì. Ọ̀kan ń mú afẹ́fẹ́ gáàsì tó wà lókè, èkejì ní ọ̀pá tó wọ ìsàlẹ̀ lọ mú olómi. Ti afẹ́fẹ́ la fi ń tan ẹ́ńjìnnì tó tutù, ti olómi la fi ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá gbàgbé ti afẹ́fẹ́ ní ṣíṣí, tí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í túlẹ̀, olómi inú táńkì á máa hó kó lè pèsè afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń béèrè. Híhó yẹn ń fa ooru kúrò lára olómi tó kù, préṣọ̀ á máa lọ sílẹ̀, títí gáàsì ò fi ní tó mọ́. Ẹ fọwọ́ kan táńkì lásìkò náà. Á tutù rinrin, òógùn tàbí yìnyín tín-ínrín á sì ti yọ lára rẹ̀ dé ibi tí olómi mọ gẹ́lẹ́, bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Tó bá ti sinmi, afẹ́fẹ́ ìta á mú táńkì gbóná padà, ìdí nìyẹn tó fi tún ń dáhùn.

Bí èyí bá ni, àtúnṣe rẹ̀ ò ná yín ní kọ́bọ̀. Nígbà tí géèjì ooru bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ẹ ṣí fáàfù olómi díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá pa ti afẹ́fẹ́ dé. Ẹ má já a ṣí lẹ́ẹ̀kan náà o. Fáàfù kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń dí ọ̀nà fúnra rẹ̀ bí gáàsì bá sáré jù, torí pé ó rò pé họ́ọ̀sì ti já. Bó bá ti dí, ẹ pa fáàfù dé, ẹ dúró díẹ̀ kí préṣọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn lè dọ́gba, kí ẹ tó rọra tún un ṣí.

Bó bá jẹ́ pé fáàfù olómi lẹ ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣàìsàn náà lójú yín. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú jíà, ẹ fa bíréèkì, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ wo ọ̀nà gáàsì láti táńkì dé kàbúrétọ̀. Propane ń hó ní −42°C, préṣọ̀ rẹ̀ nínú táńkì sì tó 110 psi (ìwọ̀n tí géèjì préṣọ̀ ń kà) bí ojú ọjọ́ bá wà ní 21°C. Ibi tí préṣọ̀ bá ti já lójijì ni olómi ti ń di afẹ́fẹ́, ibẹ̀ ló ti ń mú irin dì. Torí náà, yìnyín tó bá yọ lára fílítà ń sọ fún yín pé fílítà ti dí. Ẹ pa táńkì dé, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jó gáàsì inú họ́ọ̀sì tán títí yóò fi kú, kí ẹ wá tú fílítà. Ẹ pààrọ̀ asẹ́ inú rẹ̀ àti gáskẹ́ẹ̀tì. Bí fáàfù oníná 12 fóltì bá wà níbẹ̀, ó yẹ kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún “kẹ́” tí iná bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé converter ló funfun, omi ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ fura sí. Converter ló ń sọ olómi di afẹ́fẹ́, omi gbígbóná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló sì ń fún un ní ooru tó fi ń ṣe é. Ẹ fọwọ́ kan họ́ọ̀sì omi rẹ̀ méjèèjì: ó yẹ kí méjèèjì gbóná. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì tutù, omi ò kọjá nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé omi rédíétọ̀ ti lọ sílẹ̀, tàbí pé afẹ́fẹ́ há sínú họ́ọ̀sì, tàbí kó jẹ́ pé ìdọ̀tí irin tó dógùn-ún ti dí converter. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ fi omi kún rédíétọ̀, ẹ tú họ́ọ̀sì òkè converter díẹ̀ títí omi tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú yóò fi jáde. Bó bá dí, ẹ fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ láti ìhà kejì. Thermostat (fáàfù tó ń darí ooru omi ẹ́ńjìnnì) tó há sí ṣíṣí náà lè fa èyí, torí omi ò ní gbóná tó.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń rọ gáàsì fún yín bóyá ó ń dúró ní 80%. Bí táńkì bá kún jù bẹ́ẹ̀, fáàfù òkè náà á máa mú olómi, converter tútù á sì dì láàárọ̀. Èyí tó burú jù ni pé olómi tó bá fẹ̀ nínú oòrùn ò ní ráyè.

ÌBÉÈRÈ: Tèmi máa ń rùn gáàsì lẹ́yìn tí mo bá pa á, tí ilẹ̀ bá sì mọ́, ó máa ń ṣòro láti tan.

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fáàfù inú converter tó yẹ kó dí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá dúró ló ń jò. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ họ́ọ̀sì tó lọ sí kàbúrétọ̀, kí ẹ fi omi ọṣẹ bo ẹnu converter. Bí ọṣẹ bá wú, ó ń jò. Bí fáàfù oníná bá ń dí dáadáa, ó lè bo àbùkù yìí mọ́lẹ̀, ẹ fún un níná fún ìwọ̀nba àkókò tí ẹ fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fi ìṣáná wá a láéláé. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń tò sí, nítorí náà ẹ má gbé katakata náà pamọ́ sínú ilé tí kò ní ìsàlẹ̀ ṣíṣí.

Ẹ ra àpò àtúnṣe tó ní diaphragm (awọ rọ́bà inú converter), gáskẹ́ẹ̀tì àti ìjókòó fáàfù. Ẹ ka orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára converter kí ẹ tó lọ rà á, torí ti Ensign, ti Century àti ti Impco kì í wọ ara wọn. Kí ẹ tó tú u, ẹ yọ ìdérí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, táńkì ní pípadé. Òróró dúdú tó bá ṣàn jáde ló ń mú rọ́bà inú rẹ̀ le.

Tí ẹ bá fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì lálẹ́, táńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pa dé, kí ẹ́ńjìnnì jó èyí tó kù nínú họ́ọ̀sì, kí ẹ tó pa kọ́kọ́rọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo fi sílíńdà 12.5 kg gáàsì ìdáná wa ẹ̀rọ tó ń fa omi sí oko mi ní Ọ̀yọ́. Sílíńdà máa ń dì, ẹ̀rọ á sì kú. Ṣé kí n dojú rẹ̀ dé?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ dé, olómi á wọ inú règúlétọ̀ tí kò ní omi gbígbóná láti sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Ẹ má sì dáná sí i nídìí. Ohun tó ń ṣe é kò yàtọ̀ sí ti táńkì àgbẹ̀ Texas: ẹ̀rọ ń béèrè afẹ́fẹ́ ju bí sílíńdà kan ṣe lè hó tó. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì gáàsì so sílíńdà méjì pọ̀ pẹ̀lú ẹ̀yà ìsopọ̀ tí wọ́n ṣe fún un, tàbí kí ẹ lo èyí tó tóbi, kí sílíńdà dúró lóòró ní ìta gbangba, jìnnà sí ẹ̀rọ náà.