Ìyẹ̀fun pákó kì í gbẹ omi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ààtàn ńlá kan ní Amẹ́ríkà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Níbi tí a ti ń tọ́jú omi dúdú tó ń jò lábẹ́ ìdọ̀tí, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ máa ń kù nísàlẹ̀ táńkì. Ọ̀gá mi ní kí n po ó mọ́ ìyẹ̀fun pákó, kí n dà á sáàárín ìdọ̀tí ilé, pé ṣebí ibẹ̀ náà ló ti wá. Ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Inú oúnjẹ ni ìgbẹ́ náà ti wá, a kì í sì í dá a padà sínú ìkòkò. Irin, sínkì àti kòkòrò àìfojúrí tó ti kú, tó fọ́n káàkiri inú omi tẹ́lẹ̀, ti kóra jọ sójú kan báyìí.

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí ààtàn ìdọ̀tí ilé (40 CFR 258.28) kò ka gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ léèwọ̀. Omi ló kà léèwọ̀. Ẹ bu 100 ml gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà sínú asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ ọ̀dà (mesh 60, ìyẹn ni bí ihò rẹ̀ ṣe kéré tó), kí ẹ wo aago. Bí ẹ̀kán kan péré bá kán láàárín ìṣẹ́jú 5, kò yege nìyẹn.

Ti ìyẹ̀fun pákó yìí ló ń bí mi nínú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tọ́ọ̀nù 1 tí ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ omi: omi kílò 800 nìyẹn. Ẹ da ìyẹ̀fun kílò 400 sí i, tí òun náà ní omi ìdá 10. Omi ti di ìdá 60, ó sì gbẹ lójú. Ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ ti di kílò 840! Ẹ ò yọ ẹ̀kán kan, ṣe lẹ tún fi kún un. Bí katapílà bá gun orí rẹ̀, tí ìdọ̀tí mìíràn tún tò lé e, yóò sun omi bíi kànrìnkàn tí wọ́n fún. Pákó náà á tún jẹrà. Ní ààtàn ìdọ̀tí olóró, òfin wọn kò tiẹ̀ gbà kí wọ́n fi ohun tó ń jẹrà fa omi.

Ẹ fún omi náà kúrò ni. Tọ́ọ̀nù 1 tó jáde láti táńkì pẹ̀lú omi ìdá 98, bí ẹ̀rọ bá fún un dé ìdá 80, kílò 100 péré ló kù. Ẹ kọ́kọ́ dán pólímà, kẹ́míkà tó ń mú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ṣù pọ̀ kí omi lè yọ, wò nínú ife. Bó bá pọ̀jù, á máa yọ̀, á sì dí aṣọ asẹ́.

Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ìdọ̀tí wà lábẹ́ àti lórí rẹ̀, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 bò ó nírọ̀lẹ́. Ẹ má dà á sí ẹ̀gbẹ́ òkè ìdọ̀tí, nítorí ó lè mú kí ó ya lulẹ̀, tàbí sórí páìpù ìsàlẹ̀ tó ń gba omi dúdú, nítorí yóò dí i. Ẹ jẹ́ kí ilé àyẹ̀wò ṣe àyẹ̀wò TCLP fún un kó tó wọlé, láti mọ bóyá òjé tàbí kádímíọ̀mù, tí wọ́n jẹ́ irin olóró, lè jò jáde nínú rẹ̀. Ohun tí ìwé àṣẹ ààtàn yín bá sọ ló ju tèmi lọ. Ẹ kà á fún ọ̀gá yín.