Ìbéèrè Òǹkàwé: Oògùn Tó Gbé Ìyá Dìde, Tó Sì Sọ Ojú Wọn Di Rìbìtì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Làkúrègbé tó ń wú wọn lọ́wọ́ àti lórúnkún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìyá mi gúnlẹ̀ kí dókítà tó fún wọn ní prednisolone. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí wọ́n fi ń fọ aṣọ ara wọn. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta báyìí: ojú wọn ti kún rìbìtì, ṣúgà ara wọn ń ga, wọn kì í sì í rí oorun sùn. Aládùúgbò wa ní kí a da oògùn náà nù, kí a ra àgbo kan tó ń ṣiṣẹ́ kíákíá. Kí ni kí a ṣe? (Ọmọ wọn, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ẹ má ṣe dá oògùn náà dúró lójijì; n ó sọ ìdí rẹ̀.

Nínú irú làkúrègbé tí wọ́n sábà máa ń tìtorí rẹ̀ kọ prednisolone, àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kó máa bá kòkòrò àrùn jà, ló kọjú sí oríkèé, bí ọlọ́dẹ àdúgbò tó kọ ìbọn sí onílé tó gbà á síṣẹ́. Diclofenac àti ibuprofen tí à ń rà ní kẹ́mísìtì kàn ń dí ibi tí ara ti ń ṣe prostaglandin, èròjà tó ń fa ìrora àti wíwú. Wọn kò dá ìjà náà dúró. Prednisolone ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ, títí dé ibi tí àṣẹ ti ń jáde, ó sì ń pa àṣẹ tó ń bí ọ̀pọ̀ èròjà ìjà náà lẹ́nu mọ́. Nígbà tí dókítà Philip Hench àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fún aláìsàn làkúrègbé ní cortisone, tó ṣáájú prednisolone, lọ́dún 1948, ẹni tí ìrìn ti dogun fún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀bùn Nobel dé lọ́dún 1950, ṣùgbọ́n ojú rìbìtì náà kò pẹ́ yọ.

Àṣẹ tó dé oríkèé yìí ń dé gbogbo ara. Ẹ̀dọ̀ ń tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá ń kóra jọ sí ojú àti ẹ̀yìn ọrùn, iyọ̀ àti omi ń dúró sára, ẹ̀jẹ̀ a sì máa ru. Bó bá pẹ́, egungun ń di ẹlẹgẹ́, awọ ara ń fẹ́lẹ́. Ikọ́ ife tó ti sùn sára láti ọjọ́ pípẹ́ pàápàá lè jí, nítorí àwọn tó ń ṣọ́ ọ ti dẹwọ́.

Ẹṣẹ́ (gland) kékeré méjì wà lórí kíndìnrín tó ń ṣe cortisol, èròjà ara tí prednisolone jọ. Bí oògùn bá ti ń ti òde wá fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, àwọn ẹṣẹ́ náà lè fọwọ́ lẹ́rán. Ẹni tó bá wá dá oògùn dúró lójijì kò ní ti òde, kò sì ní ti inú: ó lè máa bì, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀, kó dákú, kó tilẹ̀ kú. Dókítà ní í máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ padà lọ bá dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n yẹ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru wò, kí ẹ sì bèèrè oògùn tó ń dáàbò bo egungun. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni ìyá ń lo oògùn náà, òwúrọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ló dára jù. Bí wọ́n bá ń lò ó lálẹ́, bóyá òun ló ń lé oorun lọ. Dókítà lè fi methotrexate, oògùn làkúrègbé mìíràn, kún un kí prednisolone lè dín kù. Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lo methotrexate fún làkúrègbé, ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè ti ibẹ̀ kú.

Mi ò bú àgbo o. Ṣùgbọ́n àgbo tó bá pa ìrora làkúrègbé láàárín wákàtí méjì máa ń mú mi fura, nítorí wọ́n ti bá dexamethasone, ọmọ ìyá prednisolone tó fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà sí méje lágbára jù ú lọ, nínú irú oògùn ìbílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Bí èébì kò bá jẹ́ kí oògùn dúró nínú ìyá, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì kọ́kọ́ sọ pé prednisolone ni wọ́n ń lò.