Imú ọ̀tún nìkan ni wọ́n tún ṣe: èwo ni kí n san nínú bíìlì yìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Amẹ́ríkà ni mo ti ṣe iṣẹ́ abẹ imú torí mi ò lè mí dáadáa. Dókítà tún ògiri àárín imú mi tó wọ́ ṣe, ó gé díẹ̀ lára eegun rírọ̀ rẹ̀ àti ti etí mi, ó sì fi wọ́n gbé ẹ̀gbẹ́ imú ọ̀tún ró. Bíìlì dé pẹ̀lú kóòdù mẹ́rin, nọ́ńbà tó ń sọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe: 30520, 30465, 21235, 20912. Iléeṣẹ́ adójútòfò kọ̀ láti san 20912, ọ́fíìsì dókítà sì ní èmi ni kí n san án. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì san án o. Ọdún 11 ni mo fi ṣe iṣẹ́ kíkọ kóòdù sórí bíìlì ìtọ́jú aláìsàn, irú bíìlì yìí sì ti kọjá lọ́wọ́ mi lọ́pọ̀ ìgbà.

Gígé eegun rírọ̀ lára ògiri àárín imú ni 20912. Ṣùgbọ́n ògiri yẹn náà ni wọ́n là tí wọ́n fi kọ 30520, kóòdù títún ògiri náà ṣe. Ojú ọgbẹ́ kan náà ni, wọn kì í sábà san án lọ́tọ̀.

Ti etí yàtọ̀. 21235 tọ́ sí dókítà yín: ibòmíràn lára ló là. Gígé e àti lílẹ̀ ẹ́ mọ́ imú ti wà nínú kóòdù kan yẹn.

Èyí tó ń ká mi lára ni 30465, kóòdù gbígbé ẹ̀gbẹ́ imú ró. Imú méjèèjì, tọ̀tún tòsì, ni wọ́n dá kóòdù yẹn fún. Ọ̀tún nìkan ni wọ́n ṣe fún yín, nítorí náà ó yẹ kí 52 tẹ̀lé e, àmì pé apá kan iṣẹ́ náà ni wọ́n ṣe. Mo ti rí i tí wọ́n gbàgbé 52, tí aláìsàn sì san ìpín tirẹ̀ lórí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ṣe. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ẹ gba ìwé tí dókítà kọ nípa iṣẹ́ abẹ náà. Ẹ̀tọ́ yín ni. Kí ẹ wá wo ìwé àlàyé tí adójútòfò fi ránṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 20912. Bí ẹ bá rí CO níbẹ̀, àmì pé ọ̀rọ̀ àdéhùn dókítà àti adójútòfò ni, CO-97 (owó iṣẹ́ yìí ti wà nínú ti iṣẹ́ mìíràn) ló sábà máa ń jẹ́, tí dókítà yín sì wà lára àwọn tó bá adójútòfò yín ṣàdéhùn, òun ló máa gbé owó náà jù sílẹ̀. Bó bá jẹ́ PR, ọrùn yín ni wọ́n gbé e kọ́, ẹ sì lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ́dọ̀ adójútòfò. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì náà, ẹ fi ẹ̀dà ìwé méjèèjì há a, kí ẹ sì béèrè 52 nínú lẹ́tà kan náà.