Pọ́n-ùn 12 ni mo fi kọ́ ìyàtọ̀ borrow àti lend

Ẹ ní àwọn ẹlẹgbẹ́ yín níbi iṣẹ́ ń fi yín rẹ́rìn-ín nítorí pé ẹ sọ pé "borrow me your charger", ẹ sì ń béèrè bóyá ìyàtọ̀ gidi wà láàárín borrow àti lend, tàbí àwọn Òyìnbó kàn ń wá ẹ̀sùn sí wa lẹ́sẹ̀ ni, níwọ̀n ìgbà tí ohun tí ẹ ń sọ yé gbogbo wọn. Ìyàtọ̀ wà. Èmi ti jìyà rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí kí n tó kan gírámà.

Ní ọdún 2017, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní àríwá England. Ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun ni obìnrin tó ń ṣe irun fún àwọn ìyá àgbà máa ń wá. Ní ọjọ́ kan, ìyá kan tí mo ń tọ́jú kò ní owó lọ́wọ́, nítorí pé ọmọ wọn tó máa ń kó owó wá kò tíì dé. Mo yọ pọ́n-ùn 12 nínú àpò mi, mo san án, wọ́n ṣe irun fún ìyá, inú wọn sì dùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní alẹ́, mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ wa pé kí a máa kọ ohun gbogbo sílẹ̀: "I borrowed Mrs D £12 for her hair."

Oore ni mo rò pé mo kọ. Ọ̀gá tó ka ìwé náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kò rí oore kankan níbẹ̀. Ohun tó kà ni pé mo yá pọ́n-ùn 12 lọ́wọ́ Mrs D, ó sì gbà pé mo kàn gbàgbé láti fi àmì 's sẹ́yìn orúkọ ìyá náà ni. Ẹ tún gbólóhùn náà kà, ẹ ó rí i pé bí Òyìnbó yóò ṣe kà á nìyẹn. Ní England, abala 42 nínú òfin Care Act ti ọdún 2014 ka jíjí owó ẹni tó wà lábẹ́ ìtọ́jú, lílù ú ní jìbìtì, fífúngun mọ́ ọn nítorí owó àti ṣíṣi owó rẹ̀ lò mọ́ ìlòkulò, nítorí náà kò sí ọ̀gá tó lè rí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kí ó ṣí ojú ìwé kọjá. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé ná. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó, tí oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi, kí wọ́n tó pè mí sí ìpàdé.

Ní ìpàdé yẹn, mo ń tẹnu mọ́ ọn pé "I borrowed her, I only borrowed her", èmi kò sì mọ̀ pé ẹnu ara mi ni mo fi ń dá ara mi lẹ́bi. Obìnrin ará Zimbabwe kan tó bá mi jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí ló já okùn náà. Ó bi mí pé àpò ta ni owó náà ti jáde. Mo ní àpò mi ni. Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Obìnrin onírun náà jẹ́rìí pé èmi ni mo sanwó fún òun, wọ́n sì fa ẹ̀sùn ńlá náà ya. Síbẹ̀ wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀, nítorí pé ìlànà ilé náà kò gba kí owó kọjá láàárín òṣìṣẹ́ àti ẹni tó ń tọ́jú, yálà síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Ìyẹn tọ́ sí mi, mo sì gbà á.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi ti yọ̀ nìyí. Nínú èdè wa, "yá" kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ohun tó tẹ̀ lé e ló ń fi hàn wá ibi tí nǹkan náà kọjú sí. "Mo yá owó lọ́wọ́ Àdùkẹ́": owó bọ́ sọ́wọ́ mi. "Mo yá Àdùkẹ́ lówó": owó kúrò lọ́wọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni "kọ́" rí, mo kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ́ ọ níṣẹ́, ìdí sì nìyẹn tí learn àti teach náà fi máa ń dà wá láàmú. Gẹ̀ẹ́sì kò dúró de ohun tó tẹ̀ lé e. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ ló di ọ̀nà náà sí. Bí olùwà, ìyẹn ẹni tó ń ṣe nǹkan náà, bá borrow, nǹkan ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá lend, nǹkan ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Rà" àti "tà" ló jẹ́ kí ó yé mi dáadáa. Borrow ni rà, lend ni tà. Ẹ fojú inú wò ó kí ẹ dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja kí ẹ sì sọ pé "ẹ ra ẹja yìí fún mi." Yóò bi yín pé, èmi tí mo ń tà á? Bí "borrow me" ṣe ń dún létí Òyìnbó nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé èdè wa ló ṣe aláìní. Ibòmíràn ni àwọn àgbà wa ti là á sí méjì: aṣọ tàbí ọkọ́ ni à ń yá, nítorí pé òun gan-an la óò dá padà, owó àti iyọ̀ ni à ń wín, nítorí pé a óò ná an tàbí kí a jẹ ẹ́, irú rẹ̀ la óò san, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti ń lo "yá" fún owó náà báyìí, bí èmi náà ṣe lò ó lókè. Òwe tiẹ̀ pín in: "Àwínná owó kò yẹni; àgbàbọ̀ ṣòkòtò kò yẹ ọmọ ènìyàn." Borrow kò mọ ìyàtọ̀ yẹn rárá. Ará Jámánì náà ń fi borgen kan ṣoṣo ṣe méjèèjì, mo sì ti fi etí ara mi gbọ́ ọmọ Òyìnbó tó ń sọ "can I lend your pen" tí ìyá rẹ̀ sì ń bá a wí.

Ní ti ọ̀rọ̀ yín pé ó yé wọn, òótọ́ ni, nítorí pé ẹ na ọwọ́ sí charger náà nígbà tí ẹ ń tọrọ rẹ̀, ọwọ́ yẹn ló sì túmọ̀ gbólóhùn yín. Ìròyìn ohun tó ti kọjá ni ewu wà, pàápàá lórí ìwé, níbi tí kò sí ọwọ́ tí a nà. Bí ẹ bá kọ̀wé sí báńkì pé "I borrowed my brother £500", ẹ ti sọ ara yín di onígbèsè. "I lent my brother £500" ni kí ẹ kọ. Lent ni, kì í ṣe lended. Ní ti charger, "could you lend me" tàbí "could I borrow", èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ọmọ ìyá náà ti fi pọ́n-ùn 12 mi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì nínú àpòòwé kan. Ohun tó kọ sára rẹ̀ ni "Thank you for lending Mum this."